Ọkọ mi ń gbọ̀n nínú ooru oṣù Kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyàwó Télọ̀, Apẹ̀tẹ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta 2025, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù fún èmi nìkan láti dá gbé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi, wọ́n yọ kókó kan kúrò ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀. Craniopharyngioma ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé ibi tó jókòó sí gan-an ni wàhálà, nítorí ó fara ti iṣan ojú àti ibi tí wọ́n ń pè ní pituitary. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú tẹ́lẹ̀ là padà, ó lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, a dúpẹ́.

Ara rẹ̀ ni kò yé wa. Nígbà ọyẹ́, a rò pé ọyẹ́ ni. Ó wọ súwẹ́tà méjì, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ nídìí máṣíìnì. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà n'Ìbàdàn mọ bí ooru oṣù yìí ṣe rí: páànù ilé ń ta bí ẹni ń yan àgbàdo, èmi àti àwọn ọmọ kò lè sùn nínú yàrá, ọkọ mi sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń gbọ̀n lọ́sàn-án gangan. Tó bá di aago méjì òru, òógùn á bò ó, aṣọ ọrùn rẹ̀ á tutù bí èyí tí òjò pa. Mo fi tẹ̀mọ́mítà wò ó: 35.4 láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, 37.9 ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Kò yàtọ̀.

Ìyá ọkọ mi ti dé láti Ìséyìn. Wọ́n ní kí n gbé ìkòkò ẹ̀yinná sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n sì fi òrí pa á lára. Òrí náà mo fi pa á. Ẹ̀yinná ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àwọn ará àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti dókítà. Ọjọ́ tí a máa padà sí kíliníìkì ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí irú èyí rí?

Ọmọ Agbowó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:05 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Mo ti rí i rí, ara tèmi ni mo ti rí i. Ní 2019 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tèmi. Màá kọ púpọ̀ nígbà tó bá yá. Ní báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú gbogbo oògùn inú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ wọn síbí àti iye tó ń lò lóòótọ́, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára páálí.

Ẹ má gbé ẹ̀yinná wọ yàrá. Afẹ́fẹ́ tó máa ń pa ènìyàn lára ẹ̀yinná kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ pé ó ti ń fà á símú.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Òkè-Àdó
Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta, aago 5:50 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún. Kí a tó sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ni kò mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù mọ́, àwọn nǹkan kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò, torí pé wọ́n lè gba ẹ̀mí láàárín ọjọ́ kan.

Ní kó tẹ orí ba, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Tí ọrùn bá le tí kò sì lè tẹ̀ ẹ́, ẹ gbéra. Bi í bóyá omi kan ń kán ní imú rẹ̀ tàbí tó ń ṣàn sí ọ̀fun, omi tó mọ́ gaara, tó dà bí omi iyọ̀ lẹ́nu, pàápàá tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi tó yí ọpọlọ ká lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ihò tó sì gbà jáde ni kòkòrò àrùn máa gbà wọlé. Wo ojú ọgbẹ́: ṣé ó pọ́n, ṣé ó wú, ṣé nǹkan ń jáde níbẹ̀? Ṣé ó ń bì? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ṣé oorun rẹ̀ ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé gìrì gbé e? Tí o bá rí ọ̀kan péré nínú wọn, tàbí tẹ̀mọ́mítà kà 38 sókè, tàbí ó wálẹ̀ kọjá 35, ilé ìwòsàn ni, ì báà jẹ́ òru ọ̀gànjọ́. Ẹ má dúró de ọjọ́ kíliníìkì. Káàdì ilé ìwòsàn yẹn kò sọ pé kí ẹ má wá kí ọjọ́ tó pé.

Ìdí tí ara rẹ̀ fi ń ṣe báyìí rèé. Hypothalamus ni orúkọ ibì kan nínú ọpọlọ, òkè pituitary gẹ́lẹ́ ló wà, gbogbo rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 4 lọ. Òun ni ìyáálé tó ń ṣọ́ iná ìkòkò. Tí iná bá pọ̀, ó fa igi jáde: á ní kí ẹ̀jẹ̀ sún mọ́ awọ ara, kí òógùn jáde, kí ooru lọ. Tí iná bá ń kú, ó ti igi sí i: á ní kí ẹ̀jẹ̀ sá kúrò lábẹ́ awọ, kí iṣan ara máa gbọ̀n kí ooru lè wá. Kókó tí wọ́n yọ lára ọkọ rẹ, ara ìyáálé yẹn gan-an ló sábà máa ń lẹ̀ mọ́. Nígbà míì, kókó náà ló ti ṣe é léṣe kí a tó débẹ̀, nígbà míì, yíyọ rẹ̀ ni. Ìyáálé tó farapa lè ti igi síná nígbà tí ìkòkò ń hó, ó sì lè fa igi jáde nígbà tí omi ṣì tutù.

Ṣùgbọ́n pituitary tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, òun ló ń darí àwọn họ́mọ̀nù, ìyẹn àwọn oje inú ẹ̀jẹ̀ tó ń rán iṣẹ́ káàkiri ara, tó ń mú ara gbóná. Nígbà tí họ́mọ̀nù bá dín, òtútù á máa mú ènìyàn nínú oòrùn. Èyí ní àtúnṣe tó dájú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ oògùn tó ń lò.

Nípa ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ: mo wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1971. Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odékù, ọmọ Awẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì níbí, ní 1962, ṣì wà láyé nígbà náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń tọ́jú irú ọkọ rẹ n'Ìbàdàn yìí. Kò kọjá ti dókítà.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́níyà
Ọjọ́rú, aago 7:15 àárọ̀

Ẹ má bínú o, èmi kò kọ ti dókítà. Ṣùgbọ́n ara tó ń gbọ̀n, ibà ni. Ẹ se ewé dóńgóyárò pọ̀ mọ́ ewé máńgòrò, kí ẹ gbé ìkòkò tó ń yọ èéfín sí iwájú rẹ̀, kí ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́ ìkòkò náà títí òógùn á fi dà. Ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe nìyẹn, ara á sì fúyẹ́.

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Ọjọ́rú, aago 8:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pé lè yọ ara rẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà tí ooru bá pọ̀ jù. Ọkùnrin yìí kò ní ẹni tó máa kìlọ̀ fún un. Ara rẹ̀ lè gbóná kọjá 40 láìjẹ́ pé òógùn jáde, ibẹ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èéfín bo ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún. Àgbo mímu náà, ẹ jẹ́ kó dúró ná títí dókítà rẹ̀ á fi mọ̀ sí i, kó má lọ bá oògùn tó ń lò jà.

Ní ti ibà, àyẹ̀wò ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó ra oògùn. Wọ́n á gún ìka, ìdáhùn á jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Oògùn ibà ẹ̀ẹ̀mẹta láìṣe àyẹ̀wò, owó ti lọ, ọjọ́ sì ti lọ, ohun tó ń ṣe é gan-an ṣì wà níbẹ̀. Tí àyẹ̀wò bá fi ibà hàn, ẹ tọ́jú ibà. Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún náà ń ní ibà bíi tiwa.

Ìyàwó Télọ̀, Apẹ̀tẹ̀
Ọjọ́rú, aago 12:20 ọ̀sán

Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ dáadáa. Kò sí omi nímú. Ojú ọgbẹ́ ti jinná. Kò bì, ṣùgbọ́n kò fẹ́ jẹun, àyà rẹ̀ sì ń já tó bá dìde lójijì.

Mo tú báàgì oògùn náà. Desmopressin wà níbẹ̀, torí ìtọ̀ tó ń pọ̀ jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ń lò ó pé. Ti gìrì náà ó ń lò ó. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní hydrocortisone. Mo ka èyí tó ṣẹ́kù, kò bára mu. Mo bi í. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní láti ìparí oṣù Kìíní ni òun ti ń dá a sí méjì, pé ó wọ́n, pé owó iléèwé àwọn ọmọ ni òun ń rò, pé òun kò fẹ́ kí n mọ̀. Nígbà míì ó tún ń fo ti ìrọ̀lẹ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣínì, mo sunkún.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Òkè-Àdó
Ọjọ́rú, aago 12:34 ọ̀sán

Nu ojú rẹ, ọmọ mi. Gba ọkọ̀ nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́la. Kó gbogbo páálí oògùn àti ìwé ìdásílẹ̀ dání. Tí ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni pé: wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ nídìí pituitary rẹ̀, hydrocortisone rẹ̀ kò pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbólóhùn yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n yára.

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Ọjọ́rú, aago 1:10 ọ̀sán

Fún ẹ̀yin yòókù tó ń kà á: hydrocortisone dúró fún họ́mọ̀nù tí ara rẹ̀ kò lè ṣe mọ́. Ènìyàn kò lè wà láìsí i. Tó bá dín, okun á tán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀, ara á tutù, òógùn òru sì lè wà níbẹ̀. Ẹ má dá a sí méjì, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Bákan náà ni dexamethasone tí wọ́n máa ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọpọlọ: díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Dexamethasone tún lè bo ara gbígbóná mọ́lẹ̀, kí àrùn wà lára, kí tẹ̀mọ́mítà má sì ka nǹkan kan tó le. Ẹni tó ń lò ó, ẹ má wo nọ́ńbà nìkan, ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ọjọ́ tí ibà bá mú ẹni tó ń lo hydrocortisone, ara nílò rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó lò ó ní ìlọ́po méjì tí ara bá ti gbóná tó 38. Tó bá ń bì í dànù, abẹ́rẹ́ ló kàn, ilé ìwòsàn sì ni. Ẹ ní kí dókítà yín kọ tiyín sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ring Road
Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta, aago 6:02 ìrọ̀lẹ́

Mo ń fi tọkọtaya yìí sádùúrà. Ẹ jẹ́ kí n fi tọmọ mi kún un, torí ó yàtọ̀ díẹ̀.

Ọmọ ọdún 9 ni. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ kókó kúrò lórí rẹ̀, wọ́n fún un ní topiramate fún gìrì. Ní oṣù Kejì, wọ́n to àwọn ọmọ sórí pápá iléèwé fún ìdíje eré ìdárayá. Wọ́n pè mí pé ó ṣubú. Nígbà tí mo dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò, awọ ara rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Gbogbo ọmọ tó yí i ká ń làágùn, òun nìkan ni kò ní ẹ̀kán òógùn kan lára. Olùkọ́ kan tó ní làákàyè ti gbé e sábẹ́ igi, ó ti bọ́ ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ń da omi sí i lára, ẹlòmíràn ń fi ìwé ńlá fẹ́ ẹ. Ọlọ́run á san án fún wọn.

Dókítà ló wá sọ fún wa pé oògùn yẹn lè dín òógùn kù, pàápàá lára ọmọdé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ti yí i padà báyìí, a kò dá a dúró fúnra wa. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń lo topiramate tàbí zonisamide, oògùn gìrì mìíràn, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́sàn-án: ṣé ó ń làágùn? Tí kò bá làágùn nínú ooru Ìbàdàn yìí, ẹ lọ sọ fún dókítà.

Ìyàwó Télọ̀, Apẹ̀tẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta, aago 8:45 alẹ́

Ẹ kú àdúrótì. Wọ́n dá wa dúró fún òru mẹ́ta. Nígbà tí a dé, ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an, ara rẹ̀ sì ka 35.1. Mo sọ gbólóhùn tí Màmá kọ́ mi gẹ́lẹ́, abẹ́rẹ́ sì wọlé kí wọ́n tó parí fọ́ọ̀mù. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó ní kí n bá òun wá ẹ̀bà.

Àyẹ̀wò ibà: kò sí ibà kankan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé họ́mọ̀nù tó ń ti ọ̀fun wá náà ti wálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní fún un ní oògùn tirẹ̀ lọ́jọ́ tí a dé, pé hydrocortisone gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè gbé e ṣubú. Lánàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ levothyroxine, díẹ̀ ni. Dókítà tún ní òun kò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ máa lọ, torí hypothalamus náà farapa, pé a máa kọ́ bí a ṣe ń bá a gbé.

Ẹ wá kọ́ wa. Ilé oníyàrá méjì, páànù láìsí sílìn, iná NEPA tó ń wá nígbà tó bá wù ú.

Ará Ọjọ́ọ
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:00 alẹ́

A dúpẹ́ o! Kó máa mu omi dáadáa, lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́.

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:12 alẹ́

Rárá o, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe fún ọkùnrin yìí. Desmopressin ń dá omi dúró sínú ara. Ẹni tó ń lò ó tó tún ń fi omi tí kò gbẹ ẹ́ lọ́fun rọ ara rẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, ó lè dàrú, gìrì lè gbé e. Ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ ni kó mu. Tí òùngbẹ kò bá ṣeé gbọ́kàn lé, torí ọpọlọ tó farapa lè gbàgbé òùngbẹ náà, dókítà á fún un ní iye kan pàtó lójúmọ́. Ẹ béèrè iye yẹn ní kíliníìkì.

Levothyroxine: ìdájí, inú òfìfo, omi lásán. Kí ẹ̀kọ àti wàrà sóyà dúró fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín wọn.

Ọmọ Agbowó
Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹta, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣèlérí pé màá kọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé pẹ̀lú ara tí kò mọ àkókò.

Ìwé kékeré ni ohun àkọ́kọ́. Mo pín ojú ewé sí mẹ́ta: aago, nọ́ńbà, ohun tí mò ń ṣe. Tẹ̀mọ́mítà kan náà ni mo ń lò, abíyá kan náà, torí ohun tí abíyá máa ń kà fi nǹkan bí ìdajì díńgírì kéré sí ti ẹnu. Mi ò kì í wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìwẹ̀ tàbí tíì gbígbóná, mo máa ń dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ara gbogbo ènìyàn ló máa ń tutù díẹ̀ ní ìdájí tó sì ń gbóná díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ nǹkan púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ni mo tó rí i pé èmi kì í ṣe 37. Tèmi jẹ́ 36.2 láàárọ̀. Tí mo bá rí 37.6, ara mi ti le nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ì tíì tó ibà lójú ẹlòmíràn. Ìwé yẹn ni mo máa ń tẹ́ síwájú dókítà. Kí n tó ní in, mo máa ń sọ pé "ara mi ń ṣe mí bákan", wọ́n á kọ parasitamọ́ọ̀lù. Tó bá jẹ́ pé ọpọlọ ni ooru náà ti wá, parasitamọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, ìtutù láti ìta ló ń ṣiṣẹ́.

Ìtutù náà ní bó ṣe ń lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo fi ń nu ara, kì í ṣe omi yìnyín, torí omi yìnyín á mú kí n gbọ̀n, ìgbọ̀n náà á sì tún mú ooru wá. Táwẹ́lì tútù sí ọrùn, abíyá, àti itan nínú, kí fáànù máa fẹ́ sí i. Mo ra fáànù tó ń gba iná pamọ́, ó ń gbé mi dé nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Tí kò bá sí iná rárá, píọ́ wọ́tà méjì tó tutù tí mo fi aṣọ wé ló wà lábẹ́ abíyá mi. Ilé onípáànù láìsí sílìn, láàárín aago kan sí mẹ́rin ọ̀sán, ẹ má fi í sínú yàrá. Abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà ló dára.

Ní ti òtútù: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju súwẹ́tà kan lọ, torí a lè bọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan. Ìbọ̀sẹ̀. Ohun mímu gbígbóná. Ẹ má gbé ìgò omi gbígbóná lé awọ ara rẹ̀ lásán, ó jó mi ní ẹsẹ̀ nígbà kan láìmọ̀ pé ó ń jó mi.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe òtútù náà. Ó jẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń sọ pé "kò sí òtútù níbí yìí." Ẹ má sọ ọ́ fún un. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kí ẹ gba ohun tó sọ gbọ́.

Alhaja Òjé
Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta, aago 5:05 ìdájí

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Inú oṣù ààwẹ̀ la wà yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń fi ojú ẹ̀ṣẹ̀ wo àìgbààwẹ̀. Ẹni tó ń lo hydrocortisone àti desmopressin, tí ara rẹ̀ kò mọ ooru, kó má ṣe gba ààwẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ sọ pé ó lè gbà á. Súrà kejì, aaya 184, fún aláìsàn láyè. Ọmọ mi obìnrin ń gbà á ní 2023 láìsọ fún wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn aláìní la ń bọ́ dípò rẹ̀ báyìí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Télọ̀ fúnra rẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta, aago 3:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìyàwó mi ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sétí mi, mo ní kó gbé fóònù fún mi.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń rí nínú. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn mí á ní ara mi gbóná, èmi á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n rì sódò Ẹlẹ́yẹlé ní ìdájí. Tí mo bá sọ, wọ́n á wojú ara wọn. Ó wá di pé mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo bá lọ sídìí oògùn náà, tí mo ń dá a sí méjì. Mo ti bẹ ìyàwó mi, mo sì tún ń bẹ ẹ́ níwájú yín. Ẹ̀yin ọkùnrin tí owó oògùn ń ká lára, ẹ sọ ọ́ jáde nílé.

Mo lè sọ̀rọ̀ nípa aṣọ, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Aṣọ tẹ́tírọ́nì àti gínní tí wọ́n fi stáàṣì lẹ̀, òógùn kì í gba inú rẹ̀ jáde. Kọ́tìn ni kí ẹ wọ̀, àdìrẹ tó ti gbó dára jù, ó máa ń mu omi. Mo rán bùbá mẹ́rin fún ara mi, mo la iwájú wọn, mo fi bọ́tìnnì sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí òógùn bá dé lóru, kò sí pé à ń fa aṣọ tutù gba orí tó ní ojú ọgbẹ́ kọjá. Ìyàwó mi á tú u níwájú, á wọ gbígbẹ fún mi, mi ò tilẹ̀ ní í jí tán. N kò fi láínì sí i. Fìlà òfì wúwo jù fún orí mi báyìí, fìlà kọ́tìn fẹ́lẹ́ ni mò ń dé tí mo bá ń jáde.

Áyọ̀ọ̀nù eléèédú ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń lọ aṣọ oníbàárà báyìí, kí oòrùn tó mú, lẹ́yìn náà ọmọ iṣẹ́ mi á gba iṣẹ́ náà. Mo ti gbé máṣíìnì mi kúrò lábẹ́ páànù lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ mi mọ ohun tó máa ṣe tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wótòwótò: omi, fáànù, fóònù.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ring Road
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 3:41 ọ̀sán

Ẹ bá mi rán méjì fún ọmọ mi, bàbá. Àdìrẹ wà nílé.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́níyà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:30 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ mi ti ìkòkò padà. Àbúrò ìyá mi wà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní oṣù tó kọjá, mo ti ń gbèrò láti se é fún wọn lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ̀mọ́mítà ni mo máa rà lọ.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Òkè-Àdó
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:02 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ rere, ọmọ mi. Oní-bátìrì ni kí ẹ rà, oní-gíláàsì ní oògùn olóró nínú tó bá fọ́. Kí ẹ sì béèrè ìwé oògùn wọn.

Ìyàwó Télọ̀, Apẹ̀tẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹrin, aago 7:10 àárọ̀

A ti lọ kíliníìkì. Wọ́n fi kún levothyroxine rẹ̀ díẹ̀. Dókítà wo ìwé tí a ń kọ, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí a má dá a dúró. Ìgbọ̀n ọ̀sán ti lọ pátápátá láti bí ọjọ́ mẹ́wàá. Òógùn òru ṣì ń wá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n fura pé họ́mọ̀nù ọkùnrin náà ti wálẹ̀, torí ooru òjijì bẹ́ẹ̀ lè ti ibẹ̀ wá, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀.

Òjò rọ̀ lánàá, ilé tutù. Ìyá ọkọ mi ni ó ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ báyìí, wọn kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan tẹ̀mọ́mítà. Èmi wà ní kíṣínì ní ìdájí yìí, wọ́n ké sí mi láti yàrá pé, "Mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀!" Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Hydrocortisone tó wà nílẹ̀ máa gbé wa dé ogúnjọ́ oṣù yìí. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti dín owó díẹ̀, láti Sángo títí dé Challenge, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.